Ẹ Nu Inú Kọ̀ǹpútà Nù Kí Ẹ Tó Fi Ta Ènìyàn Lọ́rẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò ní kọ̀ǹpútà nílé. Síbẹ̀, orúkọ wa wà nínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀, iye gbèsè yín lè wà níbẹ̀. Bí ẹ bá lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, èsì rẹ̀ lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Kọ̀ǹpútà a sì máa gbó. Ọ́fíìsì kan ní Kútọnu lè ra tuntun, kí ó sì fi èyí tó ti gbó ta ilé ẹ̀kọ́ kan ní abúlé lọ́rẹ. Ohun dáradára ni. Àwọn ọmọ wa yóò fi kọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ wa tó wà nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á wo obìnrin kan tí ó ń gba oògùn àrùn Sídà ní ilé ìwòsàn. Oògùn náà ń bá a lára mu, ó sì ń ṣòwò rẹ̀. Kò tíì sọ fún ará ilé. Bí ẹnìkan bá rí orúkọ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí ilé ìwòsàn fi tọrẹ, ọ̀rọ̀ náà lè dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn oníbàárà rẹ̀ lè sá. Ìtìjú lè mú kí ó má lọ gba oògùn mọ́, èyí sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Ṣé bí a bá ti pa á rẹ́, kò tó?

Kò tó. Nínú kọ̀ǹpútà, ohun pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní disque dur. Àwa yóò pè é ní dísìkì. Dísìkì yìí dà bí àká. Gbogbo ohun tí a bá kọ pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà, inú rẹ̀ ni ó ń wà. Lẹ́nu ọ̀nà àká náà, ìwé kékeré kan wà tó ń sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà: àgbàdo wà ní igun yìí, ẹ̀wà wà ní igun ọ̀hún.

Bí ẹ bá pa fáìlì kan rẹ́, kọ̀ǹpútà kò kó àgbàdo náà jáde. Ó kàn fa igi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ẹnu ọ̀nà ni. Àgbàdo ṣì wà nínú àká títí a ó fi kó nǹkan mìíràn sí àyè rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní formatage rapide, ẹ ya ìwé náà dànù, ẹ sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ni. Àgbàdo kò tíì kúrò níbẹ̀.

Àwọn ètò ọ̀fẹ́ wà tí kì í wo ìwé ẹnu ọ̀nà rárá. Wọ́n ń wọ inú àká lọ tààrà, wọ́n sì ń kó ohun tí wọ́n bá rí jáde. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè lò wọ́n.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àlòkù láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó ń gba èbúté wọlé sí ìhà wa, ní Kútọnu, ní Èkó àti ní Tema. Ní ọdún 2005, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Basel Action Network ṣe ìwádìí ní Èkó. Wọ́n gba àwọn dísìkì àlòkù, wọ́n sì bá ìwé àwọn tó ni wọ́n tẹ́lẹ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2009, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Kánádà ra dísìkì ní Gáná. Nínú ọ̀kan tí wọ́n rà ní nǹkan bí dọ́là 40, wọ́n bá ìwé ilé-iṣẹ́ Northrop Grumman, tí ó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́ ààbò. Bí ìwé irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá lè bọ́ sí ọjà, ti ilé ìwòsàn abúlé náà lè bọ́ síbẹ̀.

Kí ni òfin sọ?

Benin ṣe òfin kan ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí à ń pè ní Code du numérique. Òfin yìí dáàbò bo ìsọfúnni nípa ènìyàn. Ó ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju àwọn yòókù lọ. Àjọ APDP ni ó ń bójú tó o. Ẹni tí ó kó orúkọ àwọn ènìyàn jọ ni ó gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn, títí kan ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bá máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni kí á ṣe?

1. Ẹ kọ́kọ́ da àwọn ohun tí ẹ ṣì nílò kọ sórí kọ̀ǹpútà tuntun. Ẹ ṣí wọn wò láti rí i pé wọ́n pé. Ohun tí a bá ti nù dáadáa kò ní padà mọ́.

2. Ẹ béèrè irú dísìkì tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ti àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú. Ti òde òní, tí à ń pè ní SSD, kò ní ohun kankan tó ń yí.

3. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń yí, ẹ kọ nǹkan mìíràn bo gbogbo inú rẹ̀. Èyí dà bí ìgbà tí a kó iyanrìn kún àká láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ nwipe lè ṣe é. Nínú Windows 10 àti 11, ẹ wá «Réinitialiser ce PC», kí ẹ yan «Supprimer tout», kí ẹ sì yan èyí tó ń nu dísìkì náà nù, kì í ṣe èyí tó kàn ń pa fáìlì rẹ́. Ìgbà kan ṣoṣo sábà máa ń tó. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀.

4. Bí ó bá jẹ́ SSD, kíkọ nǹkan bò ó nìkan lè má dé gbogbo igun rẹ̀. Ẹ ní kí oníṣẹ́ lo àṣẹ ìparẹ́ tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fi sínú rẹ̀.

5. Ẹ dán an wò. Ẹ ní kí ẹlòmíràn fi ètò bíi PhotoRec wá fáìlì nínú rẹ̀. Bí kò bá rí nǹkan kan tó jẹ́ tiyín, ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé ọ́fíìsì, kí ẹni tó ṣe é fọwọ́ sí i.

Ẹ má gbàgbé clé USB àti káàdì ìrántí tó lè wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó nu eruku ara kọ̀ǹpútà, tí kò nu inú rẹ̀, fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Bí kọ̀ǹpútà náà kò bá tàn mọ́

Kọ̀ǹpútà lè kú kí dísìkì inú rẹ̀ má kú. Ẹ ní kí oníṣẹ́ tú dísìkì náà jáde, kí ẹ sì fi ìyókù tọrẹ. Bí ẹ kò bá nílò dísìkì náà mọ́, kí oníṣẹ́ dá ihò sí i títí kan àwọn àwo inú rẹ̀. Kí ó fi aṣọ nípọn bò ó, kí ó sì dáàbò bo ojú rẹ̀, nítorí àwo àwọn kan jẹ́ gíláàsì. Bí ó bá jẹ́ SSD, àwọn ègé dúdú kéékèèké inú rẹ̀ ni kí ó fọ́.

Ẹ má ṣe dáná sun kọ̀ǹpútà. Èéfín ike àti wáyà rẹ̀ ní májèlé nínú, òjé sì wà lára ọ̀pọ̀ èyí tó ti pẹ́. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má jù ú sí oko tàbí sí ẹ̀bá kànga, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi àfọ́kù rẹ̀ ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí á jíròrò

- Níbo ni orúkọ yín wà nínú kọ̀ǹpútà ní agbègbè yín?
- Ta ni ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ yín tàbí ti ilé ìwòsàn yín?
- Bí wọ́n bá fẹ́ fi í tọrẹ lọ́la, ìbéèrè wo ni ẹ máa bi wọ́n?