Bí ẹ̀gbọ́n bá wọṣẹ́ ológun, ta ló ń bi àbúrò tó kù nílé léèrè?

Bí ọmọ ẹnì kan bá fẹ́ lọ síṣẹ́ ológun nílẹ̀ Èkìtì, ojú ìyá rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò. Àwọn aládùúgbò á wá kí i, pásítọ̀ tàbí ààfáà á gbàdúrà fún un, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Bàbá náà á gba ìkíni tirẹ̀, wọ́n á ní ó bí akọni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ilé náà tí ẹnikẹ́ni kì í bi pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí. Àbúrò ọmọ náà ni.

Òun ló ń bá a sùn lórí ẹní kan náà. Òun ló ń wọ ṣòkòtò tí kò bá gba ẹ̀gbọ́n mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ nà án nílé ìwé, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló fi ń dẹ́rù bà wọ́n. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n bá gbé báàgì, tó wọkọ̀ lọ sí òkè Ọya, a jẹ́ pé ohun púpọ̀ ti lọ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá sì sunkún, wọ́n á ní kó panu mọ́, ṣé òun ni ìyá tó bí i ni?

Ní ìlú bíi Ifisìn-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, àti láwọn ìlú bíi Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ọ̀rọ̀ náà tún ju ti àárò lọ. Iṣẹ́ oko ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹun. Bí ẹ̀gbọ́n bá lọ ní àsìkò tí wọ́n ń kọ ebè iṣu, ọkọ́ méjì di ọ̀kan nìyẹn. Ẹni tó ń pọnmi, tó ń ṣẹ́gi, tó ń gun kòkó tẹ́lẹ̀ ti lọ, àbúrò ni gbogbo rẹ̀ yóò sì já lé léjìká. Wọ́n á wá máa sọ fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá pé, "Ìwọ lọkùnrin ilé báyìí." Ìwúrí ni wọ́n fi ṣe, àmọ́ ẹrù ni létí ọmọ náà.

Ìrìn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Kò sí ìran kan nílẹ̀ Èkìtì tí kò mọ bí ó ṣe ń rí kí ọmọ gbéra nílé lọ sójú ogun. Nígbà ogun Kírìjí, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí wọ́n sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì wà ní bùdó fún ọdún gbọọrọ lábẹ́ àwọn olórí bíi Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Iléṣà. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn òyìnbó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Burma láti lọ bá àwọn ará Japan jà. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé, láti oṣù keje ọdún 1967 títí di ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, ikọ̀ ECOMOG wọ Liberia, wọ́n sì tún dé Sierra Leone lẹ́yìn rẹ̀. Láti 2009 sì ni wàhálà Boko Haram ti sọ ìhà àríwá ìlà oòrùn di ibi tí wọ́n ń rán ọ̀pọ̀ ọmọ ogun lọ.

Ẹni tí gbogbo Èkìtì mọ̀ jù nínú ìtàn yìí ni Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ bíbí Adó-Èkìtì. Wọ́n bí i ní 1926, ó sì wọṣẹ́ ológun ní 1943, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún. Ó jà ní Congo, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ Military Cross dá a lọ́lá. Òun ni gómìnà ológun àkọ́kọ́ fún Ìwọ̀ Oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje ọdún 1966, wọ́n pa á pẹ̀lú olórí orílẹ̀-èdè tó gbà lálejò, Ọ̀gágun Agùíyì-Ironsi, lẹ́yìn tí wọ́n mú wọn ní Ìbàdàn. Títí dòní la ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn. Ṣùgbọ́n ká má gbàgbé pé kí orúkọ náà tó di ti gbogbo ìlú, ti ilé kan ṣoṣo ló jẹ́.

Ọmọ ọdún 16 tó lọ láìdágbére

Ìtàn kan tó yẹ kí gbogbo òbí gbọ́ ni ti Isaac Fádoyèbọ̀, ọmọ Ẹ̀múrẹ̀-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1942, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 16, ó forúkọ sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun láìfi tó àwọn òbí rẹ̀ létí. Wọ́n fi í sẹ́ka àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn àti ẹni tó gbọgbẹ́, wọ́n sì gbé e dé Burma.

Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ọmọ ogun Japan ká wọn mọ́ létí odò Kaladan. Ìbọn bà á lẹ́sẹ̀ àti níkùn. Òun àti ọmọ Sierra Leone kan, David Kargbo, ni wọ́n jọ kù nínú igbó. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Shuyiman, mùsùlùmí tí kò mọ̀ wọ́n rí, ló ń fún wọn lóúnjẹ, tó sì gbé wọn pamọ́ sílé ara rẹ̀. Bí àwọn ará Japan bá mọ̀, wọn ò bá pa òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Oṣù kejìlá ọdún náà kí wọ́n tó rí wọn gbà sílẹ̀.

Ẹ bá wa rò ó wò. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko, kò sí bí lẹ́tà ṣe lè ti ọwọ́ rẹ̀ dé ilé. Fádoyèbọ̀ padà wálé, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú ìwé tó jáde ní 1999. Ní 2011, oníròyìn Barnaby Phillips bá a gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman, torí pé bàbá wọn ti kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Fádoyèbọ̀ fúnra rẹ̀ papò dà.

Ẹ̀kọ́ ńlá méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé àìgbúròó kì í ṣe ikú. Èkejì ni pé ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ dágbére. Ní Nàìjíríà, wọn kì í fi túláàsì múni wọṣẹ́ ológun, ẹni tó bá wù ló ń forúkọ sílẹ̀. Nítorí náà, àbúrò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ló yàn láti lọ, èyí sì máa ń dà bí ìgbà tó kọ òun sílẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá jókòó tì í kó tó lọ, tó ṣàlàyé ìdí tó fi ń lọ àti ìgbà tó ṣeé ṣe kó wálé, ọ̀rọ̀ náà yóò fúyẹ́ lọ́kàn ọmọ.

Oṣù tí fóònù kì í dún

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ilé ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Zaria, ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun orí ilẹ̀ ti ń gba ẹ̀kọ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ti ojú òfurufú, Kaduna ni. Ti ojú omi, Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers. Lásìkò ẹ̀kọ́ yìí, ọmọ tuntun kì í lo fóònù bó ṣe wù ú. Kì í ṣe pé ó ti gbàgbé ilé, òfin ibẹ̀ ni. Kí ẹ sọ èyí fún àbúrò ṣáájú. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, wọ́n lè rán an lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, nígbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì ní Borno, Yobe àti Adamawa, wọ́n gé ìlà fóònù níbẹ̀, ó sì tó oṣù mélòó kan kí ó tó padà. Àwọn tó lọ́mọ níbẹ̀ nígbà náà mọ bí ojú ṣe ń rí. Rédíò á sọ pé wọ́n kọlu bùdó ológun kan, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo ilé tó lọ́mọ lóde á sì dákẹ́ lọ gbári. Àbúrò tó ń gbọ́ rédíò náà kò ní lè jẹun, àmọ́ kò ní sọ ọ́ kí ìyá rẹ̀ má baà sunkún.

Ohun tó dára ni kí ilé yan ẹnì kan, àgbàlagbà tó ní làákàyè, tí yóò máa gba ìròyìn, tí yóò sì máa pè. Kí ẹ ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ ológun rẹ̀, kí ẹ sì mọ bárékè tí ẹgbẹ́ náà ti wá, nítorí bí wọ́n bá lọ sójú ogun, àwọn kan máa ń kù sẹ́yìn níbẹ̀ tí ẹ lè bi léèrè. Ohun tí wọ́n bá gbé kiri orí WhatsApp, ẹ má fi dẹ́rù ba ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni kí àbúrò má ṣe gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ibi tó wà sórí Facebook láti fi yangàn. Ọ̀tá náà ní ojú.

Ìwé tó yẹ kó wà nílé

Ọ̀rọ̀ yìí korò, ṣùgbọ́n a ò ní tìtorí rẹ̀ má sọ ọ́. Gbogbo ológun ló ń kọ orúkọ ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò kàn bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní next of kin. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wọṣẹ́ láìtíì gbéyàwó ló kọ orúkọ bàbá tàbí ti ẹ̀gbọ́n. Bí ẹni náà bá kú, tí ẹnikẹ́ni ò sì yí i padà, wàhálà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì ológun ní Àbújá nìyẹn. Nígbàkígbà tó bá wálé, kí bàbá bi í: "Orúkọ ta ló wà nínú ìwé rẹ?" Kí orúkọ náà bá ti inú ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti báǹkì mu. Kí nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ wà nílé, lọ́wọ́ ẹni tí kì í sọ ìwé nù.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú fún àwọn gbájúẹ̀. Ọ̀pọ̀ àbúrò máa ń fẹ́ tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n lọ. Láti 2011 ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kaduna ti ń gba àwọn obìnrin wọlé fún ẹ̀kọ́ àti di ọ̀gá tó lè jagun, nítorí náà àbúrò obìnrin pàápàá lè ní in lọ́kàn. Kò burú, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni fọ́ọ̀mù àwọn tó ń lọ gba ẹ̀kọ́ ní Zaria, kò sì yẹ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ ta oko kí òun lè bá yín "rí ọ̀nà" sí Zaria, olè ni.

Iṣẹ́ àwọn àgbà

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹ̀gbọ́n bá lọ, ẹ dín oko kù lọ́dún náà, tàbí kí ẹ pe alágbàṣe fún ebè kíkọ, kí àbúrò má baà pa ilé ìwé tì. Owó tí ẹ̀gbọ́n bá fi ránṣẹ́, kí ti ilé ìwé àbúrò ṣáájú nínú rẹ̀. Bí ọmọ náà bá dákẹ́ jù, tí kò jẹun, tàbí tó ń jí lóru, ẹ má ṣe nà án. Ẹ jẹ́ kó sọ tinú rẹ̀. Bí ẹ̀gbọ́n bá pè, ẹ fún un ní fóònù kí òun náà gbọ́ ohùn, kó má jẹ́ ọ̀rọ̀ owó nìkan lẹ ó sọ tán tí káàdì á fi parí.

Bí ẹ̀gbọ́n bá sì wá dé, ó lè ti yí padà. Ó lè máa ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún, tàbí kó fẹ́ràn láti dá jókòó. Ẹ sọ fún àbúrò pé kì í ṣe òun ló ṣẹ̀ ẹ́. Bí kò bá lọ, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì.

Ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní ọdọọdún ni Nàìjíríà ń rántí àwọn akọni ológun rẹ̀, nítorí ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé parí ní 1970. Wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, wọ́n á yìnbọn ìyẹ́sí. Lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá kí ìyá ológun tó wà ládùúgbò yín tán, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọmọ kan lè wà níbẹ̀ tó ń dá ebè ẹni méjì kọ. Ẹ kí òun náà. Kí Ọlọ́run dá gbogbo ẹ̀gbọ́n tó wà lóde padà sílé láyọ̀.