Nígbà Tí Ẹran Bá Kúrò Nínú Ọbẹ̀

Ẹ wo àwo iyán alẹ́ ní Òsi tàbí ní Ìlọ́fà, nílẹ̀ Èkìtì ti Kwara. Iyán ló gba ibi tó pọ̀ jù nínú àwo, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀fọ́ tẹ̀lé e, ẹran tó wà lórí rẹ̀ kò sì ju ìka méjì lọ. Ọmọdé a máa tọ́jú tirẹ̀ di ìgbẹ̀yìn kó tó jẹ ẹ́. Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ilé bá sọ lónìí pé òun kò jẹ ẹran mọ́, òun kò jẹ ẹja, ẹyin ńkọ́, ó tì, wàrà náà, ó tì, ohun tó yọ kúrò nínú àwo rẹ̀ kéré lójú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á yọ ẹran, wọ́n á fi iyán sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n á tún bu kún un kí ikùn lè yó. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ara á máa rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní ẹ̀fọ́ kò lè gbé èèyàn ró. Ẹ̀fọ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Ẹ̀wà ni wọn kò fi dípò ẹran.

Irú oúnjẹ yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní vegan: ohunkóhun tó bá ti ara ẹranko wá, títí kan oyin, kò wọ ẹnu. Oṣù kọkànlá ọdún 1944 ni Donald Watson àti àwọn díẹ̀ mìíràn dá ẹgbẹ́ Vegan Society sílẹ̀ ní Ìlú Ọba, àwọn ló sì dá ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tó sún mọ́ ọn jù ni ti ìjọ Seventh-day Adventist. Ọdún 1914 ni David Babcock mú ìjọ náà dé Erúnmu lẹ́bàá Ìbàdàn. Yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, èyí tó bẹ̀rẹ̀ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1959 tó sì di yunifásítì ní 1999, kì í gbé ẹran síwájú akẹ́kọ̀ọ́ nílé oúnjẹ rẹ̀. Ìjọ náà kò ní kí èèyàn má jẹ ẹyin tàbí kó má mu wàrà, nítorí náà ti vegan le ju tiwọn lọ. Àmọ́ ó tó láti fi hàn pé ọmọ Yorùbá tó ń kàwé, tó ń gbá bọ́ọ̀lù, lè lo ọdún mẹ́rin lórí ẹ̀wà àti sóyà kó má sì gbẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Purotéènì ni ara fi ń mọ iṣan, òun náà ló fi ń tún ibi tó bá já ṣe. Àgbàlagbà tó wọn kílò 70 nílò nǹkan bíi gírámù 56 lójúmọ́, ìyẹn gírámù 0.8 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń sáré, tó ń gbé irin, tàbí tó ń kọ ebè láti àárọ̀ dọ̀sán nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: gírámù 1.2 sí 2 fún kílò kan ni àwọn onímọ̀ eré ìdárayá ń dámọ̀ràn. Iṣu sísè tó tó gírámù 100 kò ní ju gírámù kan ààbọ̀ lọ. Bí ẹ bá jẹ iyán tó tó gírámù 500, gírámù méje tàbí mẹ́jọ péré lẹ rí níbẹ̀. Ẹ̀wà gbígbẹ gírámù 100 ní nǹkan bíi 24. Ẹ̀pà àti ẹ̀gúsí wà láàárín 25 sí 28. Sóyà ga jù wọ́n lọ, nǹkan bíi 36.

Ká wá fi í ṣe oúnjẹ ọjọ́ kan. Láàárọ̀, ọ̀ọ̀lẹ̀ tí a fi ẹ̀wà gbígbẹ gírámù 80 ṣe, pẹ̀lú ẹ̀kọ: gírámù 19 látinú ẹ̀wà nìkan. Lọ́sàn-án, iṣu sísè gírámù 400 àti òtílì sísè gírámù 250: bíi 23. Lálẹ́, iyán gírámù 500 àti ọbẹ̀ tí ẹ̀gúsí lílọ̀ gírámù 40 wà nínú ìpín ẹni: bíi 18. Ẹ̀pà ìkúnwọ́ kan láàárín ọjọ́: méje. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 67. Ó ti ju ohun tí ẹni kílò 70 nílò lọ bí kò bá ṣe iṣẹ́ agbára, ó sì kù bíi 17 kó tó 84 tí àgbẹ̀ tàbí eléré yóò fẹ́. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí nọ́ńbà ti wá: iṣu tó kún inú àwo lẹ́ẹ̀mejì kò ju 14 lọ nínú rẹ̀.

Mo dárúkọ òtílì, irú ẹ̀wà kan, torí pé ó ń dùn mí bí a ṣe ń gbàgbé rẹ̀. Ilẹ̀ Èkìtì mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ń so lóko tí òjò kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀, ó sì ń fún ilẹ̀ lóúnjẹ. Ohun tó mú kí àwọn ọmọ wa sá fún un ni pé ó pẹ́ lórí iná. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, yóò tètè jinná, kò sì ní kún inú bí ti tẹ́lẹ̀.

Purotéènì inú ẹ̀wà àti ti inú àgbàdo kò rí bákan náà. Ohun tó kéré nínú àgbàdo pọ̀ nínú ẹ̀wà, èyí tó kéré nínú ẹ̀wà sì wà nínú àgbàdo. Ìdí nìyí tí àdàlú fi jẹ́ oúnjẹ pípé, tí àkàrà àti ẹ̀kọ sì fi ń bá ara wọn rìn látijọ́. Kò pọn dandan kí méjèèjì pàdé nínú àwo kan náà. Bí wọ́n bá wọlé lọ́jọ́ kan náà, ara yóò so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀.

Gírámù 17 tó kù fún àgbẹ̀ tàbí eléré yẹn, wàrà sóyà ló rọrùn jù láti fi dí i. Ẹni tó ti rí bí àwọn obìnrin Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà. Ẹ rẹ sóyà mọ́jú, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Omi funfun tó jáde ni ẹ máa gbé kaná, kí ẹ sì jẹ́ kó hó dáadáa, torí sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ikùn lo purotéènì, iná ló ń pa á. Bó bá ń hó, ẹ rọra da omi kíkan orí ògì sí i. Kíkan yẹn ló ń mú kó dì, bí ewé bómubómu ṣe ń mú wàrà màlúù dì. Ẹ kó o sínú aṣọ, ẹ gbé nǹkan wúwo lé e títí omi yóò fi ro tán. Ẹ gé e, ẹ fi iyọ̀ àti ata pa á lára, ẹ dín in. Láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè fi sóyà sínú oúnjẹ ilé.

Ìdílé ló wá kù, òun ló sì le jù. Ìyàwó kan kò lè máa gbé ìkòkò mẹ́ta kaná lálẹ́ kan, kò sì yẹ kí ìpinnu ẹnì kan di iṣẹ́ ẹlòmíràn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a se ọbẹ̀ kan ṣoṣo láìfi ohun ẹranko sí i, kí irú, ata, àlùbọ́sà àti epo pupa ṣe iṣẹ́ wọn. A ó bu ti ẹni tí kò jẹ ẹran kúrò. Lẹ́yìn náà ni a ó da ẹran tàbí ẹja tí a ti sè lọ́tọ̀ sínú èyí tó kù. Ẹ ṣọ́ ohun kékeré: edé lílọ̀, ẹja gbígbẹ tí a fọ́ sínú ẹ̀gúsí, pọ̀nmọ́, àti kúùbù ìsebẹ̀ tí wọ́n fi adìẹ tàbí edé ṣe. Àwọn wọ̀nyí ló ń wọlé láìsọ̀rọ̀. Olú náà ń ran ọbẹ̀ lọ́wọ́ ní àsìkò òjò, adùn rẹ̀ sún mọ́ ti ẹran, àmọ́ purotéènì rẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà kó má gba ipò ẹ̀wà.

Ní ìnáwó, ẹran ni a fi ń yẹ́ èèyàn sí. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ níwájú àna tàbí níwájú àgbà gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ ṣáájú, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, nílé, kó tó di ọjọ́ àríyá. “Màmá, ẹ má bínú, ara mi ni mo ń tọ́jú, ẹ̀wà yín ni mo fẹ́ jẹ” kì í dá ìjà sílẹ̀. Kí ó ti ìpín padà lójú agbo ló ń dá a sílẹ̀.

Níbi fítámì B12 ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Kò sí ewéko kan tó ní i lọ́nà tó ṣeé gbára lé. Bakitéríà ló ń ṣe é. Màlúù ń gbé bakitéríà náà nínú ikùn, B12 á wọ ẹran rẹ̀ àti wàrà rẹ̀, a ó sì rí tiwa níbẹ̀. Ọdún 1948 ni àwọn onímọ̀ tó yà á sọ́tọ̀, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí Watson dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ kò mọ̀ pé ohun kan ń bẹ tí wọ́n ń pàdánù, àwọn kan nínú wọn sì ṣàìsàn nítorí rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ a máa tọ́jú B12 pa mọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lónìí lè máa ṣe dáadáa fún ìgbà pípẹ́, kó máa rò pé àwọn tó ń kìlọ̀ kàn ń dẹ́rù bani ni. Ó di ọjọ́ kan, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa jẹ ẹ́ bí ìgbà tí ìjàlọ bá ń rìn lára, ahọ́n á máa ta á, ìgbàgbé á bẹ̀rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó kan àwa olùjẹ̀fọ́ gan-an. Fólétì pọ̀ nínú tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ẹ̀wà. Bí fólétì bá pọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ lè má tètè fi hàn pé B12 ti tán, nígbà tí iṣan ọpọlọ ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀, ìbàjẹ́ náà sì lè má ṣeé tún ṣe mọ́. Àwọn kan ń sọ pé irú ní B12 torí pé ó ti gbó. Ẹ má gbára lé e. Oògùn ni kí ẹ lò: àgbàlagbà nílò máíkírógírámù 2.4 lójúmọ́, ṣùgbọ́n torí pé gbogbo èyí tó wà nínú oògùn kọ́ ni ara ń gbà, ohun tí Vegan Society ń dámọ̀ràn ni máíkírógírámù 10 lójoojúmọ́, tàbí 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ẹ bá dé kẹ́mísì, ẹ ka ara páálí. Ọ̀pọ̀ nínú oògùn tí wọ́n ń tà bíi B complex, B1, B2 àti nikotínámáìdì ló wà nínú rẹ̀, kò sí B12 rárá.

Èròjà irin rọrùn ju ìyẹn lọ. Ó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, àmọ́ ara kì í gbà á bó ṣe ń gba ti ẹran. Ọsàn lẹ́yìn oúnjẹ ń ṣí ọ̀nà fún un, tíì ń dí ọ̀nà náà, nítorí náà kí tíì dúró fún wákàtí kan tàbí méjì. Rírẹ ẹ̀wà àti mímú ògì kan tún ń dín ohun tó ń so irin mọ́lẹ̀ kù.

Ní ti ìdárayá, agbègbè Èkìtì yìí kò ní láti yá àpẹẹrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlú Ẹ̀pa ni, eégún tí orí rẹ̀ jẹ́ igi gbígbẹ́. Bámigbóyè, agbẹ́gilére tí Odò-Ọwá mọ̀ dunjú, tí ilé ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022, gbẹ́ àwọn Ẹ̀pa tí òmíràn nínú wọn ju kílò 20 lọ. Ọkùnrin kan ni yóò gbé e lórí, tí yóò jó, tí yóò sì fò gun òkìtì. Agbára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, inú ṣúgà tí ara tọ́jú sínú iṣan ló ti ń wá, iṣu sì ni ọ̀gá níbi kíkún àpótí náà. Nítorí náà ẹ má bá iṣu ṣọ̀tá. Ẹ jẹ ẹ́ ní bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta ṣáájú eré tàbí oko, ẹ jẹ́ kí ẹ̀wà dẹ̀yìn iṣẹ́. Ẹ̀wà ṣáájú eré a máa kún inú, a sì máa da eléré láàmú. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni purotéènì rẹ̀ wúlò jù, bí iṣan ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe. Bàbá tó ti rin ìrìn òkè lọ sóko tó sì bọ̀ kò nílò jímù kan lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Aráròmí-Ọ̀pin láti àárọ̀ nílò ìrìn náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yàtọ̀. Dókítà Cicely Williams, ọmọ Jàmáíkà tó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast (Gánà òde òní), ló kọ̀wé ní 1933 nípa àrùn kan tó ń mú kí ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí irun rẹ̀ ń pọ́n. Ní 1935, ó fún un ní orúkọ tí àwọn Gã ń pè é: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò ti lé kúrò lẹ́nu ọmú. Ògì àgbàdo ni wọ́n fi ń bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọmú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn. Ikùn ọmọ kéré. Ògì á kún un kó tó rí ohun tó fẹ́ nínú rẹ̀. Ìdílé tó bá fẹ́ kí ọmọ má jẹ ohun ẹranko gbọ́dọ̀ po sóyà tàbí ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ògì rẹ̀, kó fi epo díẹ̀ sí i, kó sì fún un ní B12. Ìyá tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọ́dọ̀ fi B12 ṣeré, torí látinú tirẹ̀ ni ọmọ ti ń rí tirẹ̀. Ọmọ tuntun kò ní ìpamọ́ ọdún mélòó kan nínú ẹ̀dọ̀ bíi ti àgbà. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ ìwọ̀n pé ẹ kì í jẹ ẹran, kó lè kọ ọ́ sínú káàdì. Bí ìlà ìwọ̀n ọmọ lórí káàdì náà bá dúró gbọin lóṣù kan, kó yára bi yín nípa oúnjẹ kó tó di oṣù kejì, kí ẹ̀yin náà sì fún ọmọ tó bá ti ń jẹ ògì ní ẹyin tàbí ẹja ní ọjọ́ yẹn gan-an, títí ìlà náà yóò fi tún gòkè.