Káńsù 57 L'Ékòó, Àbújá Mọ 20 Péré: Báwo Ló Ṣe Rí Bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ fetí sílẹ̀ o. Nígbà tí onítíkẹ́ẹ̀tì bá dé iwájú ìsọ̀ yín l'Ékòó, ẹ wo orúkọ káńsù tó wà lára ìwé tó já fún yín dáadáa. Bó bá jẹ́ Muṣin, Agége tàbí Ìkòròdú, ó wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa. Bó bá jẹ́ Òjòdú, Yábàá tàbí Odi-Olówó, ẹ tan fìtílà wá a nínú ìwé òfin ọ̀hún, ẹ ò ní í rí i. Bẹ́ẹ̀ alága ń bẹ níbẹ̀, ọ́fíìsì ń bẹ, wọ́n sì ń gbowó.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùmú ní 1861, erékùṣù àti èbúté rẹ̀ ni wọ́n gbà. Ìkẹjà, Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì tí a ń pè ní Èkó lónìí, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà n'Íbàdàn ni wọ́n wà títí di oṣù karùn-ún ọdún 1967, tí ìjọba Gowon kó gbogbo wọn pọ̀ di Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ní 1976 tí àwọn ológun tún káńsù tò káàkiri Nàìjíríà, mẹ́jọ péré ló kan Èkó. Ará Sùúrùlérè, Mainland ni yóò gbà lọ bó bá ní ẹjọ́ kankan bá káńsù. Gómìnà Lateef Jakande rí i pé ọ̀nà ti jìn jù, ó sọ mẹ́jọ di mẹ́tàlélógún ní 1980. Àwọn ológun gbàjọba nígbà tí 1983 ń parí lọ, wọ́n fi ọwọ́ pa á rẹ́, ó tún di mẹ́jọ! Ẹ̀yìn náà ni àwọn ológun kan náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in díẹ̀díẹ̀, títí Abacha fi sọ ọ́ di ogún ní 1996. Ogún yẹn náà ni wọ́n kọ sínú ìwé òfin 1999.

Ẹ gbọ́ eléyìí ná. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá Èkó àti Kano sílẹ̀ ní 1967. Lónìí, Kano ní káńsù 44. Jigawa tí wọ́n yọ lára Kano ní 1991 ní 27. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 71. Èkó, 20. Owó àpapọ̀ tí Àbújá ń pín sì nìyí, iye káńsù wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín in. Ṣé ẹ ti wá rí ibi tí bàtà ti ń ta Èkó lẹ́sẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí Gómìnà Bola Tinubu àti ilé aṣòfin Èkó fi ṣòfin ní 2002, wọ́n dá káńsù 37 kún ogún, ó di 57. Wọ́n dìbò sí gbogbo rẹ̀ ní oṣù kẹta 2004. Inú Ààrẹ Obasanjo kò dùn sí i rárá. Ní oṣù kẹrin, ó ní kí wọ́n má san owó káńsù Èkó mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù àti àwọn tíṣà ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, gẹ́gẹ́ bí ìṣe.

Èkó gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní ọjọ́ 10, oṣù kejìlá 2004, ìdájọ́ jáde, ó sì kan tọ̀tún-tòsì. Wọ́n ní Ààrẹ kò ní agbára láti di owó mú. Wọ́n tún ní òfin tí Èkó ṣe kì í ṣe òfin burúkú, ṣùgbọ́n kò tíì pé, àfi bí ilé aṣòfin Àbújá bá kọ orúkọ àwọn káńsù tuntun sínú ìwé òfin. Àbújá kò kọ ọ́ títí di òní. Owó náà pàápàá, ìgbà tí Yar'Adua dé orí oyè ní 2007 ló tó jáde.

Kí ni Èkó wá ṣe? Wọ́n yí orúkọ àwọn 37 padà sí káńsù ìdàgbàsókè, wọ́n bá iṣẹ́ lọ. Owó tí Àbújá ń fún ilé kan, ilé méjì mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́. Àlímọ́ṣọ́ nìkan, ọ̀nà mẹ́fà ni! Lójú tiwa, ohun tó ń jẹ́ kí onítíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà kò jìnnà sí èyí. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ẹni tó ń lọ gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ kò tún rìn jìnnà mọ́.

Iṣẹ́ káńsù sì wà nínú ìwé òfin o: ọjà, gáréèjì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, ìwé àṣẹ ọmọlanke àti bárò. Ẹni tó bá gba owó ọjà lọ́wọ́ yín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà dà.

Ní ọjọ́ 11, oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ̀rọ̀: kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ káńsù, kí gómìnà kankan má dì í mú. Èyí tó wà nínú ìwé òfin ni wọ́n ń bá wí, 774 ní gbogbo Nàìjíríà, 20 l'Ékòó. Ọdún kan àti ọjọ́ kan lẹ́yìn ìdájọ́ yẹn, ní ọjọ́ 12, oṣù keje 2025, Èkó tún dìbò káńsù. Alága 57 ni wọ́n yàn.