Ìṣàn àti Ìfò: Ìdọ́gba Ìṣirò fún Ìyípadà Alápapọ̀, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ìpínlẹ̀ Niger

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni Yorùbá ń gbà mọ iye ohun: kíkà àti wíwọ̀n. A máa ń ka iṣu, a máa ń ka owó; ṣùgbọ́n a máa ń wọn epo, a máa ń wọn gàárì, a sì máa ń wọn omi. Ohun tí a ń kà a máa fò láti orí ọ̀kan sí èjì. Kò sí ibùdúró láàárín wọn. Ohun tí a ń wọ̀n kò ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀: láàárín ìwọ̀n kan àti èkejì, ìwọ̀n mìíràn tún wà níbẹ̀.

Bí iye ti rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ìyípadà rí. Òwe tó ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà ń sọ nípa ìyípadà tí ń ṣàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣí ilẹ̀kùn ọgbà náà sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni agbo ẹlẹ́dẹ̀ yóò ya wọlé. Ìyẹn ni ìyípadà tí ń fò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé irú ìdọ́gba ìṣirò tí ó so ìyípadà méjèèjì pọ̀, a ó sì fi hàn pé ẹni tó bá fi ọ̀kan ṣírò, tó sì gbàgbé èkejì, lè ṣi ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀mí àti oko ènìyàn mọ̀. Àwọn dáàmù Ìpínlẹ̀ Niger, tí Minna jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìyàtọ̀ náà nínú gírámà

Ìyàtọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá. Nínú gbólóhùn «Omi ń kún», wúnrẹ̀n «ń» fi yé wa pé ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń lọ lọ́wọ́, kò tíì parí. Nínú gbólóhùn «Ilẹ̀kùn ṣí», kò sí wúnrẹ̀n náà. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti ṣẹ̀, ó sì ti parí. Àwọn onímọ̀ gírámà ń pe àkọ́kọ́ ní ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ àìṣetán, wọ́n sì ń pe èkejì ní ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ adáwà. Lóòótọ́, «ń» tún lè tọ́ka sí ohun tí a máa ń ṣe nígbà gbogbo, nítorí náà gírámà àti ìṣirò kì í ṣe ohun kan náà. Síbẹ̀, bí a bá sọ pé «Omi ń kún, ilẹ̀kùn ṣí, omi sì ń fà», a ti ṣe àpèjúwe ìyípadà alápapọ̀ ní gbólóhùn kan.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò pín iṣẹ́ náà sí méjì fún ìgbà pípẹ́. Ní 1202, Fibonacci ará Ítálì gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ nípa ehoro tí ń bímọ ní oṣooṣù; ìfò láti oṣù kan sí òmíràn ni ìṣirò náà. Ní nǹkan bíi 450 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Isaac Newton ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Gottfried Leibniz ará Jámánì dá ìmọ̀ kákúlọ́ọ̀sì sílẹ̀, èyí tí a fi ń ṣírò ìyára ohun tí ń ṣàn. Láti ìgbà náà, ìdọ́gba ìfò àti ìdọ́gba ìṣàn dàgbà bí ọmọ ìyá méjì tí wọ́n tọ́ ní ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ohun tí ènìyàn ń ṣàkóso kò ka ìpínyà yẹn sí.

Àwọn dáàmù Ìpínlẹ̀ Niger

Dáàmù ńlá mẹ́rin ló so mọ́ orúkọ ìpínlẹ̀ yìí. Kainji, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1968, àti Jebba tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ń lo omi odò Ọya. Shiroro, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990, àti Zungeru tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ń lo omi odò Kaduna. Ẹ̀rọ amúnáwá mẹ́rin ló wà ní Shiroro, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mẹ́gáwáàtì 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 600. Odò Kaduna fúnra rẹ̀ ń ṣàn gba ilẹ̀ àwọn Tápà kọjá kí ó tó dà sínú odò Ọya. Ní àkùrọ̀ etí odò wọ̀nyí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì àti ìrèkè.

Omi adágún tí dáàmù sé mọ́lẹ̀ ń yí padà lọ́nà méjì. Òjò ń rọ̀, odò ń wọlé, oòrùn ń fa omi gbẹ: gbogbo èyí ń ṣàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúnáwá yálà kí ó ṣiṣẹ́ tàbí kí ó dúró, ilẹ̀kùn àdàsílẹ̀ omi náà yálà kí a ṣí i tàbí kí a tì í. Ìpinnu ènìyàn ni èyí, ó sì ń fò ni. Nítorí náà, ìdọ́gba dáàmù gbọ́dọ̀ ní apá méjì: apá kan tí yóò sọ bí omi ti ń yí padà láàárín ìpinnu kan àti èkejì, àti apá kan tí yóò sọ ìgbà tí ìpinnu yóò wáyé àti ohun tí yóò yí padà nígbà náà.

Àpẹẹrẹ kan pẹ̀lú òǹkà

Ẹ jẹ́ kí a ro dáàmù kan tí kò sí níbì kan, kí òǹkà rẹ̀ lè rọrùn. K dúró fún iye omi inú adágún, W fún omi tí ń wọlé, J fún omi tí ń jáde. Apá ìṣàn ìdọ́gba náà ni:

K′ = W − J

Àmì kékeré ẹ̀gbẹ́ K túmọ̀ sí ìyára tí K fi ń yí padà. Kí W jẹ́ 900 kúbíìkì mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kúbíìkì mítà kan jẹ́ 1,000 lítà. Kí omi tí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá ń tú jáde jẹ́ 500. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní títì, 400 ni ó ń ṣẹ́kù sínú adágún ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 34,560,000 kúbíìkì mítà ní ọjọ́ kan.

Kí àmì méjì wà lára ògiri dáàmù náà, àmì ìsàlẹ̀ àti àmì òkè, kí àyè tó wà láàárín wọn sì gba 172,800,000 kúbíìkì mítà. Òfin ìfò náà nìyí: bí omi bá kan àmì òkè, ṣí ilẹ̀kùn kí 800 mìíràn máa jáde, bí omi bá padà kan àmì ìsàlẹ̀, ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ márùn-ún ni omi yóò fi gòkè láti àmì ìsàlẹ̀ dé àmì òkè. Nígbà náà ni J yóò fò láti 500 sí 1,300 lójú kan náà. K′ yóò di 900 − 1,300, ìyẹn −400, omi yóò sì fi ọjọ́ márùn-ún mìíràn fà padà. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí, ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá fi ìdọ́gba ìṣàn nìkan ṣírò yóò wá ìpíndọ́gba ọjọ́ mẹ́wàá náà: 500 fún ọjọ́ márùn-ún, 1,300 fún ọjọ́ márùn-ún, ìpíndọ́gba rẹ̀ 900. Bí ojú odò tó wà nísàlẹ̀ bá lè gba 1,000 kí omi tó ya sórí ilẹ̀, oníṣirò yìí yóò sọ fún àgbẹ̀ pé kò séwu. Ṣùgbọ́n ìpíndọ́gba kọ́ ni ó ń ṣàn lọ bá àgbẹ̀. 1,300 ni yóò bá a ní oko fún ọjọ́ márùn-ún gbáko, ìrẹsì rẹ̀ yóò sì wà lábẹ́ omi. Ẹni tí ó bá ka ìfò nìkan, tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan ní ọjọ́ mẹ́wàá, kò ní mọ ọjọ́ tí yóò ṣí bí òjò bá pọ̀ sí i. Ìdọ́gba alápapọ̀ nìkan ló lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì: ìgbà wo, àti mélòó.

Ó tún lè ṣe ju ìyẹn lọ, nítorí pé òfin ìfò jẹ́ ohun tí a lè yàn. Ká ní a ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí adágún bá dé ìdajì àyè náà, ìyẹn lẹ́yìn ọjọ́ méjì ààbọ̀, kí a sì jẹ́ kí 400 péré gba ibẹ̀ jáde. J yóò di 900, K′ yóò di òdo. Omi adágún yóò dúró sójú kan, odò ìsàlẹ̀ kò ní kọjá 1,000, àyè 86,400,000 kúbíìkì mítà yóò sì ṣẹ́kù de òjò àìròtẹ́lẹ̀. Iye omi kan náà ni òjò rọ̀. Òfin ló yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ kọ́ ni èyí. Adágún tí kò kún ní ìgbà òjò kò ní omi púpọ̀ tí yóò fi yí ẹ̀rọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tí iná gbogbo ìlú àti oko ẹni kọ̀ọ̀kan ti pàdé nìyẹn, ìṣirò kò sì lè yan ọ̀kan fún wa; ohun tí ó lè ṣe ni kí ó fi iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn.

Ìdí tí àmì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi lo àmì kan ṣoṣo. Bí omi bá kan àmì náà, ilẹ̀kùn yóò ṣí. Bí ó bá ti fà díẹ̀, ilẹ̀kùn yóò tì. Omi yóò tún kàn án, ilẹ̀kùn yóò tún ṣí. Lórí ìwé, kò sí òpin sí iye ìgbà tí èyí lè ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Nínú dáàmù gidi, ẹ̀rọ ilẹ̀kùn yóò bàjẹ́. Àlàfo tó wà láàárín àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ ni ó ń fún ilẹ̀kùn ní ìsinmi. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú ẹ̀rọ tí ń fa omi kànga sínú táńkì orí ilé: kì í ṣí níbi tí ó ti ń kú.

Bí iye fúnra rẹ̀ bá fò

Nínú àpẹẹrẹ dáàmù, ìyára ló fò. Omi inú adágún fúnra rẹ̀ kò fò. Irú mìíràn wà tí iye gan-an ń fò. Ká ní aláìsàn kan ń lo oògùn 100 mílígíráàmù ní wákàtí méjìlá méjìlá, tí ìdajì oògùn tó wà lára sì ń tán láàárín wákàtí méjìlá. Láàárín ìlò méjì, oògùn ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Lójú ìlò, ó fò sókè pẹ̀lú 100. Lẹ́yìn ìlò àkọ́kọ́, 100 ló wà lára. Lẹ́yìn èkejì, 150. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, 175. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, 187.5. Yóò máa sún mọ́ 200, kò sì ní kọjá rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kìlọ̀ fún aláìsàn pé kí ó má pa oògùn jẹ, kí ó má sì lo ìlọ́po méjì láti fi dí èyí tó gbàgbé.

Milman àti Myshkis, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Soviet, ni wọ́n kọ́kọ́ fi ìdọ́gba irú èyí lélẹ̀ ní 1960. Ní 1989, Lakshmikantham, Bainov àti Simeonov kó àwọn òfin rẹ̀ jọ sínú ìwé kan tí a ṣì ń lò dòní.

Bí àkókò fúnra rẹ̀ bá ní àlàfo

Ní 1988, Stefan Hilger, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Würzburg ní Jámánì, béèrè ìbéèrè tó jinlẹ̀ jù: ṣé a kò lè rí kákúlọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tí ìṣàn àti ìfò yóò jẹ́ ọmọ rẹ̀? Ó dá òṣùwọ̀n àkókò sílẹ̀. Fún àsìkò t kọ̀ọ̀kan, ó béèrè pé: àsìkò wo ló kàn? Ó pe ìdáhùn náà ní σ(t). Bí kò bá sí àlàfo, σ(t) àti t jẹ́ ọ̀kan náà, ìyára ìyípadà sì jẹ́ ti Newton. Bí àlàfo bá wà, a ó fi gígùn àlàfo náà pín iye tó yí padà. Òfin kan ṣoṣo ló wá ń ṣàkóso méjèèjì.

Ẹ wo tata tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Oedaleus senegalensis, tí ń ba oko jẹ́ ní agbègbè Sahel. Ní ìgbà òjò, ó ń jẹ, ó ń dàgbà, ó ń pọ̀ sí i: àkókò rẹ̀ ń ṣàn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ẹyin rẹ̀ nìkan ló sùn sínú ilẹ̀. Fún ẹni tí ń ka tata, àkókò fò láti òpin òjò kan sí ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn. Òṣùwọ̀n àkókò Hilger bá ìgbésí ayé kòkòrò yìí mu rẹ́gí.

Ìgúnlẹ̀

Ní ọdún 2012, omíyalé ba oko àti ilé jẹ́ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya àti odò Benue. Àjọ HYPPADEC, tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá sílẹ̀ fún ìdàgbàsókè àwọn agbègbè tí dáàmù amúnáwá wà, fi Minna ṣe ibùjókòó. Minna kan náà ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ fún Ìmọ̀ Ẹ̀rọ wà láti 1983. Ìdọ́gba tí a ṣàlàyé yìí kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn.

Kókó tí a fẹ́ kí òǹkàwé mú lọ kò ju ẹyọ kan lọ. Òjò ni ó ń ṣàn. Ìpinnu ènìyàn ni ó ń fò. A kò lè pàṣẹ fún òjò, ṣùgbọ́n a lè kọ òfin ìfò sílẹ̀, kí a ṣírò rẹ̀ kí omi tó dé, kí a sì sọ ọ́ fún ẹni tí oko rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Àgbẹ̀ tó bá mọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò ṣí lè kórè ìrẹsì rẹ̀ ṣáájú. Èyí tí a fún ní ìpíndọ́gba nìkan yóò jí bá omi lórí ebè.