Gẹ̀ẹ́sì Tó Yọ̀ Mọ́ni Lẹ́nu: Ọ̀ràn Elédèméjì ní Johannesburg

Nínú ìkànìyàn ọdún 2022, nǹkan bí ìdá 8.7 nínú ọgọ́rùn-ún olùgbé Gúúsù Áfíríkà ló ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé. Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ iléèwé àti ibiṣẹ́ ń lò ní Johannesburg. Elédè Zulu tàbí Sotho sábà máa ń pe fáwẹ̀lì tí elédè abínibí ń gé kúrú ní kíkún. Agbanisíṣẹ́ a ní Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, iṣẹ́ a sì bọ́. Lójú tiwa, ohun méjì ni irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ dà pọ̀: ìpè àti ìdánudúró. Elédè abínibí náà ń dánu dúró (ẹ gbọ́ àwọn olóṣèlú!), ṣùgbọ́n ìparí awẹ́ gbólóhùn ló sábà máa ń jẹ́; akọ́ṣẹ̀ṣẹ̀kọ́ èdè ló ń dúró láàárín awẹ́. Elédèméjì Soweto tó ti ń lo Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré lè pe gbogbo sílébù ní kíkún, kó sì dúró níbi tí elédè abínibí ń dúró gan-an.