Kí Ohùn Ìjọ Lè Dé Etí Ẹni Tí Ó Wà Lórí Ibùsùn: Bí A Ṣe Lè Mú Pọ́díkáàsì Dára Sí I Díẹ̀díẹ̀



Ìdí-Àràbà ní ìlú Èkó, àdúgbò tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára igi àràbà, ni ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí LUTH. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí agogo ilé ìsìn bá dún, àwọn kan wà lórí ibùsùn nínú ọgbà náà tí wọn kò lè dìde. Àwọn mìíràn jókòó ti ẹni wọn tí ó ń ṣàìsàn, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìwàásù tí a gbà sílẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù ni ìjọ tí wọ́n lè dé lọ́jọ́ náà. Bí ohùn náà kò bá já gaara, a ti pè wọ́n síbi àsè, a kò sì gbé oúnjẹ síwájú wọn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí ìjọ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì ṣe lè máa tún un ṣe.

Kí ni pọ́díkáàsì? Ó jẹ́ ètò ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní apá-apá, tí a sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìwé àkójọ kan tí à ń pè ní RSS. Nígbàkúùgbà tí a bá fi apá tuntun kún àkójọ yìí, fóònù ẹni tí ó ti forúkọ sílẹ̀ yóò rí i fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fi ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 2004 ni akọ̀ròyìn Ben Hammersley kọ́kọ́ lo ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn The Guardian ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2005 ni ilé iṣẹ́ Apple fi irú ètò bẹ́ẹ̀ sínú iTunes.

Ṣùgbọ́n kí ohùn ìjọ tẹ̀ lé ènìyàn dé ilé kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní ọdún 1922, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ àwọn orin ẹ̀mí lédè Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí a bá ti tẹ̀ sínú àwo nígbà náà kò ṣe é tún ṣe mọ́. Ní tiwa lónìí, bí a bá ṣe àṣìṣe lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ wà níwájú. Ọwọ́ kan náà ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther fi mú iṣẹ́ ìwé. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, ó sì tún un tẹ̀ pẹ̀lú àfikún ní 1852. Ìwé Róòmù jáde lédè wa ní 1850, ṣùgbọ́n ọdún 1884 ni odindi Bíbélì tó parí. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ara yín

Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kì í gbọ́ ohun tí wọ́n fi sóde. Ẹ fi íípíìsì olówó pọ́ọ́kú gbọ́ apá tí ó jáde kẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí irú rẹ̀ ni àwọn olùgbọ́ ń lò. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́bàá títì. Ẹ kọ àbùkù mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì mú ẹyọ kan ṣoṣo tí ẹ óò tún ṣe ní apá tí ó kàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́.

Ibi tí a ti ń gba ohùn

Bí a bá gbé fóònù síwájú ẹ̀rọ amóhùnbúgbàù nínú gbọ̀ngàn, ariwo ògiri ni yóò gbà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ń bójú tó ẹ̀rọ fa wáyà láti inú míkísà wá sínú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi máìkì kékeré há aṣọ oníwàásù láyà.

Bí ó bá jẹ́ inú yàrá ni ẹ ti ń gba ohùn, ẹ ta kọ́tìnnì, ẹ tẹ́ ẹní tàbí fóòmù sílẹ̀, kí ohùn má baà máa ta padà. Ẹ pa fáànù, kí ẹ sì yan àkókò tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò kò ní dún. Kí máìkì jìnnà sí ẹnu tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àti ààbọ̀, kí ó sì yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, nítorí èémí tí ń jáde láti ẹnu máa ń lu máìkì gbì.

Ìwọ̀n ohùn àti owó dátà

Audacity, ẹ̀rọ àtúnṣe ohùn tí ó jáde ní ọdún 2000, kò gba kọ́bọ̀. Òun ni ẹ lè fi gé ìdákẹ́jẹ́ gígùn àti ìkọ́ kúrò. Ẹ fi mú kí gbogbo apá rinlẹ̀ bákan náà, kí aláìsàn má baà máa yí ohùn sókè sódò. Ìwọ̀n tí Apple dámọ̀ràn ni −16 LUFS, ó sì wà nínú Audacity láti yàn.

Ẹ má ṣe gbàgbé owó dátà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ohùn MP3 ní 128 kbps tó nǹkan bíi 29 MB. Ní 64 kbps, ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo, kò ju nǹkan bíi 14 MB lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu a sì tún já gaara. Ìdajì owó ni ẹ ti fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń ra oògùn.

Ìmúrasílẹ̀ ọ̀rọ̀

Kí olùgbọ́ mọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti kókó ọ̀rọ̀ náà láàárín ààbọ̀ ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò kà á, kí a fi àmì ohùn sí i. Ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ kì í ṣe ohun kan náà, àṣìkà kan sì lè da ẹ̀kọ́ rú.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí

Iye àwọn tí ó gba ètò náà sórí fóònù kò sọ bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ tó. Apple àti Spotify máa ń fi ibi tí àwọn olùgbọ́ ti pa á hàn. Bí ọ̀pọ̀ bá pa á ní ìṣẹ́jú kẹta, tí ìkéde ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kẹta, ẹ ti mọ ohun tí ẹ óò gbé lọ sí ìparí. Ní àfikún, ẹ yan ènìyàn márùn-ún: ìyá àgbà kan, ọ̀dọ́ kan, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru, ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn, àti àlùfáà kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lóṣooṣù ohun tí wọn kò gbọ́ dáadáa, dípò kí ẹ béèrè bóyá ó dùn.

Àṣírí aláìsàn àti ẹ̀tọ́ olórin

Níbi tí ilé-ìwòsàn wà nítòsí, ẹ̀rí ìwòsàn kì í wọ́n. Ṣùgbọ́n Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn sí ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó gbé ẹ̀rí jáde. Ẹ má ṣe gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara ẹni náà kò tíì balẹ̀. Ẹ yọ orúkọ àìsàn àti wọ́ọ̀dù kúrò bí ó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ti wọ orí fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ṣe é kó padà.

Ní ti orin, òfin ilẹ̀ wa fún oníṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Orin àtijọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òfin yìí, síbẹ̀ kí àwo tí ẹgbẹ́ akọrin òde òní ṣe ní olówó. Ẹgbẹ́ akọrin tiyín ni kí ẹ lò.

Ìdúróṣinṣin

Ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí kan, kí ẹ má sì yí i padà. Kí apá mẹ́ta máa wà nílẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí àìsàn tàbí àìsí iná. Ẹ kọ́ ènìyàn méjì ní iṣẹ́ náà. Ẹ fi ọjọ́ sí orúkọ ìwé ohùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì.

Ẹ̀yin àlùfáà wa, bí ẹ bá ń bẹ àwọn aláìsàn wò lọ́sẹ̀ yìí, ẹ mú íípíìsì kan dání. Ẹ fi apá tí ó jáde kẹ́yìn sí ẹni kan létí, kí ẹ jókòó tì í títí yóò fi parí, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ àtúnṣe tí ó kàn. Kí Olúwa fún iṣẹ́ ọwọ́ yín ní ìbùkún.