Ìpààrọ̀ Afẹ́fẹ́ àti Fèrèsé Adáṣípadé: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ilé Ìgbàlódé

1. Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ti Èkó gba òpópó Lekki lọ sí Ajah yóò rí i pé òkun wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní ọwọ́ òsì. Atẹ́gùn kì í jìnnà sí ilẹ̀ tí ó wà láàárín omi méjì. Síbẹ̀, títì ni ọ̀pọ̀ fèrèsé ilé tuntun ibẹ̀ máa ń wà ní ọ̀sán gangan, tí ẹ̀rọ amúlétutù yóò sì máa ṣiṣẹ́ nínú ilé. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé ìlànà kan jáde lórí bí a ó ṣe máa kọ́ ilé tí kò ní máa fi agbára ṣòfò. Lára ọ̀nà tí àwọn ayàwòrán-ilé káàkiri ayé ń gbà ṣe èyí ni lílo atẹ́gùn, pẹ̀lú fèrèsé tí ń dá ara rẹ̀ ṣí, tí ó sì ń dá ara rẹ̀ padé.

Èròǹgbà wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti dábàá ọ̀rọ̀-ìperí tí olùkọ́ àti ògbufọ̀ lè lò fún ìmọ̀ yìí. A ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí kò bá iṣẹ́ ohun tí ó ń pè mu lè ṣi ẹni tí ń gbé inú ilé lọ́nà, kódà ó lè kó o sínú ewu.

2. Ìtútù yàtọ̀ sí ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀ wò, èyí ni ẹ̀rọ amúlétutù. Irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù pín sí méjì: apá kan wà nínú yàrá, èkejì wà níta. Afẹ́fẹ́ inú yàrá ni ó ń fà, tí ó ń mú tutù, tí ó sì ń dá padà sínú yàrá kan náà. Omi tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ ni ó ń dà síta; kì í da afẹ́fẹ́ tí a ti mí síta, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú tuntun wọlé. Ẹni tí ó sọ ọ́ ní amúlétutù kò purọ́ mọ́ ọn: ó sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kò sì fi èyí tí kò ṣe kún un.

Ohun tí ẹ̀rọ yìí kò ṣe gan-an ni fèrèsé ń ṣe. Nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n afẹ́fẹ́ ìta, kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì jẹ́ nǹkan bí 420. Bí ènìyàn púpọ̀ bá sùn sínú yàrá tí a tì pa, iye yìí a máa ròkè kọjá 1,000, bí yàrá náà tilẹ̀ tutù. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá pe iṣẹ́ fèrèsé ní ìmúlétutù ti pa ohun méjì pọ̀. Bí ó bá sì pè é ní fífẹ́ afẹ́fẹ́, iṣẹ́ fáànù ni ó ń sọ, nítorí pé fáànù lè fẹ́ afẹ́fẹ́ kan náà káàkiri yàrá láti alẹ́ títí di òwúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí a dábàá ni ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́. Kò sí ìpààrọ̀ láìjẹ́ pé ohun kan jáde kí òmíràn wọlé. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni yóò mú kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè pé, níbo ni èyí tí ó wà nínú ilé yóò gbà jáde?

3. Àdánidá tàbí aláìlẹ́rọ?

Ohun méjì ni ó ń mú afẹ́fẹ́ kọjá nínú ilé láìsí fáànù. Àkọ́kọ́ ni agbára atẹ́gùn, tí ń ti afẹ́fẹ́ wọlé ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń kọlù, tí ó sì ń fà á jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. A pe èyí ní ìpààrọ̀ alákọjá. Èkejì ni ooru: afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó sì máa ń gòkè. Bí ó bá rí ojú ihò lókè, yóò jáde, èyí tí kò gbóná tó o yóò sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. A pe èyí ní ìpààrọ̀ agòkè. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, nínú àwọn ilé tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán wọn, ògiri onihò tí wọ́n fi ṣíji bo ilé ń jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá, kí oòrùn má sì wọlé tààrà.

Àwọn kan lè fẹ́ pe irú èyí ní ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ aláìlẹ́rọ. Orúkọ náà bá ti Ìbàdàn mu, ṣùgbọ́n kò ní bá fèrèsé tí ẹ̀rọ ń ṣí mu. Ní ilé gíga Commerzbank tí wọ́n parí ní Frankfurt, Jámánì, ní ọdún 1997, àwọn òṣìṣẹ́ lè ṣí fèrèsé ọ́fíìsì wọn, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá burú, ẹ̀rọ olùdarí a tì í. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, síbẹ̀ fèrèsé ni ó ń sún, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Nítorí náà ni a fi yan ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ àdánidá: ohun tí ń sún afẹ́fẹ́ ni ó yẹ kí orúkọ dá lé lórí.

4. Fèrèsé adáṣípadé

A ṣẹ̀dá adáṣípadé láti ara dá, ṣí àti padé, ní ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá adáṣiṣẹ́. Kí òǹkọ̀wé kíyè sí àmì ohùn: padé ni ti ìlẹ̀kùn, pàdé sì ni ti ènìyàn méjì lójú ọ̀nà.

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó ní. Èkíní ń mọ̀ bóyá ooru pọ̀, bóyá òjò ń rọ̀ tàbí ìjì ń jà. A pè é ní olùfura, nítorí pé ìfura lòògùn àgbà. A kò lo afurasí, nítorí pé àwọn oníwèé ìròyìn ti fi í fún ẹni tí a rò pé ó dáràn. Èkejì ni olùdarí, tí ń gba ìròyìn olùfura, tí ó sì ń pàṣẹ. Ẹ̀kẹta ni apá-ẹ̀rọ, tí ń ti fèrèsé.

Nínú ilé tí ó bá wà ní Lekki tàbí Ajah, olùfura gbọ́dọ̀ mọ̀ ju ooru àti òjò lọ. Bí iná mànàmáná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ń tàn, èéfín rẹ̀ sì ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Fèrèsé tí ó mọ ooru nìkan lè ṣí sílẹ̀ ní òru kí ó sì pe ikú wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ògiri aládùúgbò. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ sínú ìwé ìlò pé fèrèsé yìí “ń fún ilé ní afẹ́fẹ́ dáradára,” ó ti ṣèlérí ohun tí fèrèsé kò lè ṣe. Afẹ́fẹ́ ìta ni ó ń mú wọlé, bí ó ṣe wù kí ó rí. Ohun tí ó tọ́ kí ó kọ ni pé fèrèsé ń pààrọ̀ afẹ́fẹ́ inú ilé pẹ̀lú ti ìta. Ẹni tí ó bá ka èyí yóò yẹ ìta wò kí ó tó sùn.

Ohun méjì mìíràn yẹ fún àkíyèsí. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun a máa mú kí irin apá-ẹ̀rọ dípẹtà. Bákan náà, apá-ẹ̀rọ tí ń lo mànàmáná gbọ́dọ̀ ní bátìrì tàbí ọwọ́ tí a lè fi yí i bí iná bá lọ, kí fèrèsé má baà wà ní ṣíṣí nínú òjò oṣù kẹfà.

5. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́: jíjáde afẹ́fẹ́ inú ilé àti wíwọlé ti ìta.
Ìpààrọ̀ afẹ́fẹ́ àdánidá: èyí tí atẹ́gùn tàbí ooru ń sún.
Ìpààrọ̀ alákọjá: èyí tí ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, tí ń ti òmíràn jáde.
Ìpààrọ̀ agòkè: èyí tí ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, tí ń gba òkè jáde.
Fèrèsé adáṣípadé: fèrèsé tí ń ṣí, tí ń padé, láìsí ọwọ́ ènìyàn.
Olùfura, olùdarí, apá-ẹ̀rọ: ẹ̀yà rẹ̀ tí ń mọ̀, èyí tí ń pàṣẹ, àti èyí tí ń ṣiṣẹ́.

6. Ìkádìí

A kò sọ pé àbá wọ̀nyí kò ṣeé túnṣe. Ilé ìwé àti ibi iṣẹ́ àwọn tí ń kan fèrèsé ni a ó ti dán wọn wò. Bí àwọn olùkọ́ bá rí èyí tí ó dára jù lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n mú un wá. Ìlànà kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí gbogbo wa dì mú: kí orúkọ sọ iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe, kí ó má fi èyí tí kò ṣe kún un.